Àwọn Tó Juwọ́ sí Bàálù

Ẹ jókòó ná, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ìrẹsì dání lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní sá lọ. Mo mọ̀ pé ìdúpẹ́ la bá wá, mo sì mọ̀ pé ìdílé tiwa ló ń dúpẹ́. Bàbá Olùṣọ́ ti fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ ká tó jó wọlé, torí ẹ̀yin náà mọ òfin ìjọ wa: ẹni tó bá ríran gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí oúnjẹ tó kan ẹnu rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bù ú kù. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mi ò ti jẹun. Bí ohùn mi bá ń gbọ̀n, ebi wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ebi nìkan.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí báyẹn. Mo ti rí ojú tẹ́ ẹ fi ń bá mi wí láti ìgbà tí mo ti dìde. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, kí ni mo fẹ́ sọ nígbà tí Ọlọ́run bá bi mí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ fún àwọn àlejò tó wà láàárín wa. Mojísọ́lá ni mí, inú ìjọ yìí ni wọ́n bí mi sí. Yunifásítì ni mo wà, oyè kejì ni mò ń kàwé fún. Ohun tí mò ń ṣèwádìí lé lórí ni ọ̀rọ̀ ogun: bóyá ó tọ́ kí wọ́n ju bọ́ǹbù síbi tí àwọn ará ìlú tí kò mú ìbọn dání wà, nígbà tí ọ̀tá bá sá pamọ́ sáàárín wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé, Màmá la ẹnu, wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn náà wá jẹ́ ohun téèyàn ń kàwé lé lórí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀." Ìwé tí mo kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tó ń sọ pé kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi.

Ẹ sì mọ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Gbénga. Òun ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá yẹn, nínú aṣọ funfun tuntun. Ọmọ ogun òfuurufú ni, bàálù ogun ló ń wà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sápá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn agbébọn ti ń jó abúlé, tí wọ́n ń jí èèyàn gbé, gbogbo wa la gbààwẹ̀ fún un. A kọ orúkọ rẹ̀ sórí iyanrìn, a tan àbẹ́là yí i ká, a ń pariwo "Iná! Iná!" títí ohùn wa fi há. A ní kí ọwọ́ rẹ̀ má tàsé. A ní kí iná jó ọ̀tá, kó jó ilé rẹ̀, kó jó gbogbo ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Èmi gan-an ni ariwo mi pọ̀ jù, àwọn tó dúró tì mí lọ́jọ́ náà lè jẹ́rìí sí i.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga padà wálé ní àlàáfíà, nǹkan kan kò ṣe é. Ìdí tá a fi fẹ́ jó nìyẹn. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti dé, kò fojú ba oorun. Lọ́jọ́ kan tí Màmá lọ sípàdé, ó pè mí sẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Mojí, ìwọ lo mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbọ́ mi kó o bá mi sọ bó ṣe jẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ariwo. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Mo sọ fún un lánàá pé òfin ìjọ kò jẹ́ kí n bù ú kù. Kò ní kí n má sọ ọ́.

Ó ní òun fò kọjá lórí abúlé kan lẹ́ẹ̀kan, òun wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo rí àwọn obìnrin létí odò, wọ́n ń fọṣọ. Mo rí àwọn ọmọdé. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá mi lórí rédíò. Wọ́n ní ìyàwó àwọn agbébọn ni, wọ́n ní àwọn ọkọ wọn ló wà nínú ilé, kí n padà síbẹ̀ kí n ṣe ohun tí wọ́n rán mi. Mo padà. Mojí, wọ́n juwọ́ sí mi."

Mo ní, "Ẹ wá ṣe kí ni?"

Ó ní, "Mo tẹ bọ́tìnnì bọ́ǹbù."

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ológun kéde pé agbébọn ni gbogbo àwọn tó kú, pé kò sí ará ìlú kankan níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi í. Lọ́la, ọjọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ ìwádìí máa tún bi í, lábẹ́ ìbúra. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ ló ń dúró níta yẹn. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi ni àlàyé: kí n bá a wá ọ̀rọ̀ tó máa fi lè dúró níwájú wọn, kó tún sọ ohun tó sọ tẹ́lẹ̀, kó sì lè sùn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti ní in nílẹ̀. Gbólóhùn kan wà nínú iṣẹ́ mi tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà yìn gan-an: pé bí ẹni tó ju bọ́ǹbù kò bá ní in lọ́kàn láti pa ará ìlú, tó jẹ́ pé ọ̀tá ló ń wá, ikú àwọn ará ìlú náà kò sí lọ́rùn rẹ̀. Mo ka gbólóhùn náà sí Bọ̀ọ̀dá Gbénga létí. Ó ní kí n tún un kà.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, nígbà tí ẹ̀yin ti ń lọ sílé, mo tẹ́ ẹní sórí iyanrìn ilẹ̀ àánú tá a ti ń gbàdúrà lẹ́yìn ilé ìjọsìn yìí, mo dùbúlẹ̀, mo fi ìborùn bojú torí oòrùn. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, kó wọ ìgbìmọ̀ náà létí. Àdúrà tí mo gbà nìyẹn, mi ò gba òmíràn. Àmín ṣì wà lẹ́nu mi tí oorun fi gbé mi lọ.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé àwọn tó ń gbálẹ̀ ni, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń sùn." Ohùn kan ní, "Mo mọ̀. Dìde." Mo ṣí ìborùn kúrò lójú. Ọkùnrin gíga kan ló dúró tì mí, aṣọ funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, ó sì fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń tọ́jú egbò. Mo dìde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ara mi tí mo ṣì sùn sórí ẹní. Háà!

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo là ń lọ?"

Ó ní, "Ṣebí ìwọ lò ń wá àlàyé?"

A rìn. Mi ò lè sọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Ibi tá a kọ́kọ́ dé jẹ́ àgbàlá gbalasa kan tí àwọn èèyàn dúró sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Oníkálukú wọn gbé ife omi dání, omi tó tutù débi pé ara ife ń làágùn. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ètè wọn ti bó. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti gbé ife sún mọ́ ẹnu báyìí, ẹnu rẹ̀ á là fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde, "Kò sí ará ìlú kankan tó fara pa. A ti kápá ọ̀rọ̀ náà. Agbébọn ni gbogbo wọn," títí omi á fi dànù tán, ife á tún kún, á tún gbé e. Àwọn tí irọ́ tiwọn kéré náà wà níbẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó ń sọ ṣáá pé, "Mo ti wà lọ́nà, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wá wo ètè rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹni tó ń mú mi lọ ní, "Òpùrọ́."

Lẹ́yìn wọn ni àwọn alágbèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọrùn yẹn, ẹ fara balẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, lórí ẹní tóóró, oníkálukú sì ń pe orúkọ ẹni tó fi sílẹ̀ nílé, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo èyí yé mi. Àmọ́ ohun tí èmi ń kọ yàtọ̀ díẹ̀."

Ó ní, "Ọmọ yìí, ẹnu rẹ pọ̀. Máa bọ̀."

Ìlú kan la tún dé. Ìlú gidi ni o, ilé wà níbẹ̀, òpópónà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tá a ti ń bọ̀ ni mo ti ń retí iná, mo wò yíká, mi ò rí iná kankan. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn kan láti òkè, hùùùnnn, bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ń lò ládùúgbò kejì. Kò sún mọ́ wa, kò sì lọ.

Àwọn aninilára ló ń gbé ìlú náà. Àwọn ọ̀gá tó jókòó sínú yàrá tútù tí wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí abúlé lórí àwòrán ilẹ̀ wà níbẹ̀, dúdú àti funfun. Àwọn agbébọn tó ń jó ilé mọ́ èèyàn lórí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Oníkálukú fa ọmọdé kan lọ́wọ́, ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì fún un ni pé kó wá ibi tó máa fi ọmọ náà pamọ́ sí.

Ẹ̀yin ará, wọ́n ń sá! Ọ̀gágun kan tí àmì ẹ̀yẹ kún àyà rẹ̀ sá wọ ilé kan, ó ti ọmọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohùn kan láti inú ilé ní "Ọ̀tá wà níbí," òrùlé là sílẹ̀, ojú ọ̀run hàn, hùùùnnn, ó gbá ọmọ mú, ó jáde, ó wọ ilé ìwé, "Ọ̀tá wà níbí," òrùlé là, ó jáde, ó wọ ilé ìwòsàn, ó bẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, "Ọ̀tá wà níbí," òrùlé là, ọmọ ń ké, ó ń rọ̀ ọ́, "Dákẹ́, dákẹ́, a máa rí ibì kan," òógùn bò ó, ó rí mi, ó kọjú sí mi, ó na ọmọ náà sí mi, ó ní, "Ọmọbìnrin, gbà á lọ́wọ́ mi, bá mi gbà á, bá mi gbà á!" Mo na ọwọ́, ẹni tó mú mi lọ fà mí sẹ́yìn, mo ké "Yéè!" ọkùnrin náà sì ti kọjá lọ.

Mo ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́? Kí ni ọmọ yẹn ṣe?"

Ó ní, "Kò sí ọmọ níbẹ̀. Òjìji ni wọ́n ń fà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ti sinmi."

"Ìgbà wo ni bọ́ǹbù máa bọ́ lù wọ́n?"

"Kò ní bọ́."

"Ìgbà wo wá ni wọ́n máa dúró?"

Ó ní, "Nígbà tí wọ́n bá rí ilé tí kò sí ọ̀tá nínú rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ ìlú náà bẹ́ẹ̀."

A gun àtẹ̀gùn kan. Òkè àtẹ̀gùn náà ni yàrá kan wà, ó mọ́, ó tutù, ó ń rùn bí ìwé tuntun. Mi ò ní tàn yín, inú mi dùn láti wọ ibẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin jókòó sórí àga tìmùtìmù, tíì wà níwájú wọn, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ní, "Ká ní ọ̀tá pọ̀ nínú ilé náà, tí àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kò sì pọ̀ ńkọ́?" Èkejì ní, "Ká tún sọ pé ẹni tó jù ú kò rí wọn." Wọ́n ń mi orí. Fèrèsé ńlá kan wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n fi aṣọ bò. Lábẹ́ fèrèsé yẹn ni ìlú tá a ti ń bọ̀ wà, mo ṣì ń gbọ́ igbe ibẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ hùùùnnn. Eérú ń bọ́ láti òkè àjà sórí aṣọ wọn, oníkálukú ń gbọ̀n ọ́n dànù láìwò ó, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyá àgbàlagbà kan láàárín wọn ń sunkún bó ṣe ń sọ tirẹ̀, omijé ń kán sínú tíì rẹ̀, kò sì dákẹ́.

Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, Dókítà."

Dókítà kẹ̀? Èmi tí mi ò tíì gboyè kejì? Mo ní, "Ẹ ṣì mí mọ̀." Wọ́n wá la ẹnu pọ̀, bí ìjọ ṣe ń ka ìgbàgbọ́, wọ́n ń ka gbólóhùn mi, gbólóhùn tèmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, wọn ò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, "Bí ẹni tó ju bọ́ǹbù kò bá ní in lọ́kàn," mo dé etí mi, mo ṣì ń gbọ́ ọ, mo yíjú sẹ́yìn, mi ò rí ilẹ̀kùn, mo ké, "Mo gbé o! Bàbá, ẹ yọ mí níbí!" ẹ̀yìn mi kan ògiri, wọ́n ń kà á, wọ́n ń kà á, títí ọwọ́ aláṣọ funfun náà fi fà mí jáde gba ibi tí mi ò mọ̀.

Mo ní, "Ṣé àga mi wà níbẹ̀ ni?"

Ó ní, "Kò tíì sí. Gbólóhùn rẹ ló dé síbẹ̀ ṣáájú rẹ."

Mo bínú, mi ò purọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa ronú ni? Bí àwa tá a kàwé kò bá ronú lórí ogun, ta ló máa ronú lórí ẹ̀?"

Ó wò mí. Ó ní, "Àwọn kan ronú, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ ọwọ́ dúró. Ibòmíràn ni àwọn yẹn wà. Ìwọ̀nyí ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

Mo tẹ̀ lé e.

Ibi tá a tún dé, ẹ̀yin ìjọ, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí tiwa nìyí. Etí ibì kan ni, bí ẹni dúró sí bèbè òkè. Àwọn aláṣọ funfun tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Iná ń ru bọ̀ láti ìsàlẹ̀, láti ilé ayé, ó ń gòkè, ó ń yípo, ó fẹ́ padà bọ́ sórí òrùlé ẹlòmíràn, àwọn wọ̀nyí sì ń gbá a mú. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mú un, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pa láàárín àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń fa èémí wọlé bí ó ṣe ń jó wọn, wọ́n tún ń mú òmíràn. Ohùn wà nínú iná kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ń ní kí iná jó orogún òun àti gbogbo ọmọ tó bí. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Olùṣọ́. Ẹ forí jì mí, Bàbá, òfin yín ló ní kí n má bù ú kù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi.

Ẹni tó ń mú mi lọ tú aṣọ tó wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jóná, awọ ibẹ̀ ti ṣí. Ó nà án sí mi, ó ní, "Tìrẹ nìyí."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ta lẹ ń torí ẹ̀ jóná báyìí?"

Ó ní, "Ọmọ tó ń sùn nílé ọ̀tá rẹ."

Mo sunkún títí. Mo wá ní, "Kí ló dé tẹ́ ò mú ti abúlé yẹn, sà? Kí ló dé tí ìyẹn fi bọ́?"

Ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ bá fi ẹnu rán, a lè mú un. Èyí tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ ara yín jù, ọwọ́ yín ló yẹ kó dá a dúró. Gbogbo yín lẹ gbààwẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má tàsé. Èwo nínú yín ló gbàdúrà kí ọwọ́ rẹ̀ má lè tẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀yin ará, mo bi yín gẹ́gẹ́ bó ṣe bi mí. Èwo nínú wa?

Kò dúró de ìdáhùn mi. Ó mú mi kọjá síbi ìsinmi. Kò sí wúrà tí mo lè ròyìn fún yín, bóyá ó wà níwájú, mi ò dé ibẹ̀. Odò ni mo rí, koríko tútù, aṣọ fífọ̀ tí wọ́n sá sórí koríko, àwọn èèyàn tó jókòó tí ohunkóhun kò lé wọn. Ọkàn mi fúyẹ́ débi pé mo fẹ́ jókòó sáàárín wọn. Mo rí Ìyá Agogo, ẹni tó ń lu agogo ìjọ wa kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Àárín àwọn àlejò ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń bá wọn ká aṣọ. Àwọn àlejò náà, ìmúra wọn kì í ṣe tiwa, ìborùn wọn kì í ṣe tiwa. Mo rọra bi ẹni tó mú mi lọ pé, "Ṣé onígbàgbọ́ ni wọ́n, sà?" Ìyá Agogo ló bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mojí, o ò tíì yí padà." Ojú tì mí.

Obìnrin kan dìde láàárín wọn, aṣọ tútù wà léjìká rẹ̀. Èdè rẹ̀ kì í ṣe èdè mi, àmọ́ mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìwọ ni àbúrò ẹni tó wà lókè lọ́jọ́ yẹn."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mi ò lè gbójú sókè.

Ọmọkùnrin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ juwọ́ sí i. Mo rò pé ó wá lé àwọn agbébọn lọ fún wa ni. Ṣé ó rí mi?"

Mo ní, "Ó rí ẹ."

Inú ọmọ náà dùn. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Mo sọ fún yín pé ó rí mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo rántí, mi ò tíì gbọdọ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ fún obìnrin náà pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní in lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo wo ọmọ yẹn, mo gbé e mì. Obìnrin náà ní, "Má sunkún nítorí tiwa. Ara tù wá. Ọkọ mi ni ara kò tù. Ọjà ló lọ lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tó padà dé, tó ń fi ọwọ́ wú wa nínú iyẹ̀pẹ̀, ni àwọn sọ́jà mú un. Wọ́n ní bí àwa tá a kú bá jẹ́ agbébọn, olórí wa ni òun. Ó wà láhàámọ́ títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé aṣọ là ń fọ̀, àfi ẹnì kan tó rí wa láti òkè."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún un, Mà?"

Ó ní, "Kó sọ ohun tó rí."

Mo ní, "Ṣé ẹ ti dárí jì í?"

Ó gbé aṣọ tútù náà sí èjìká kejì. Ó ní, "Kí ọkọ mi kọ́kọ́ jáde ná."

Ibẹ̀ ni mo jí sí. Iyanrìn wà lẹ́nu mi, ìborùn mi rin fún omijé, oòrùn sì ti yí sápá kejì. Mi ò gbọn ẹní mi, mo sáré lọ sílé láìwọ bàtà. Bọ̀ọ̀dá Gbénga wà ní pálọ̀. Mi ò kí i. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n mú ẹnikẹ́ni ní abúlé yẹn?"

Ó dìde dúró. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Kò sọ ọ́ fún mi rí, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé wa. Ó wá fara ti ògiri. Ó ní ọkùnrin kan ni, wọ́n gbé e wá sí bárékè, ó ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sin ìyàwó òun àti ọmọ òun, Bọ̀ọ̀dá mi sì gbọ́ ọ láti inú yàrá rẹ̀. Mo wá jókòó tì í, mo sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín yìí. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ tó béèrè bóyá ó rí òun, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Látìgbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìkìlọ̀ tí wọ́n fi rán mi kò gùn. Ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún iná tá à ń rán. Kẹ́ ẹ tó tún la ẹnu pè é sórí ilé ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń sùn nínú ilé náà, torí àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan ló ń jóná nítorí yín. Ní tèmi, mo ti fa igi lé gbólóhùn yẹn. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n mi bá fẹ́, kó má fún mi níwèé ẹ̀rí. Mi ò ní jẹ́ kí àwọn ará yàrá orí àtẹ̀gùn yẹn rí ohun tèmi kà mọ́.

Màmá mi, mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Iṣẹ́ rẹ̀ lè bọ́. Wọ́n lè tì í mọ́lé. Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín ni, ẹ sì fẹ́ kó wà nílé. Ìyàwó ọkùnrin yẹn náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga, ẹ ní kí n wá àlàyé fún yín. Mo wá a dé ibi tí mi ò rò pé mo lè dé. Kò sí níbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má búra èké lọ́la kẹ́ ẹ sì gbé ife àwọn òpùrọ́ yẹn dání. Ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ sọ.

Ẹ wò ó, ó ti dìde. Ẹ má pariwo, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kó kọjá. Màmá, ẹ fi aṣọ rẹ̀ tẹ́ ẹ dì mú yẹn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá mi, ẹ fi í sílẹ̀, kò sá fún yín.

Ẹ ní kí ni, Bọ̀ọ̀dá? Mi ò gbọ́ dáadáa. Orúkọ ọmọ yẹn?

Mi ò béèrè o, Bọ̀ọ̀dá mi. Kò sọ sí mi lọ́kàn. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.